Gbé e síwájú iná, kí o sì yí i: ìrírí àwa tó ń yẹ owó àti ìwé-ẹ̀rí wò

Káṣíà, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká kó ohun tí ojú wa ń rí lẹ́nu iṣẹ́ jọ síbí, kí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dúró lẹ́yìn káńtà lè rí i kà. N óò fi náírà bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ń ṣe ayédèrú owó, àwòrán àmì ààbò ló ń yà. Iṣẹ́ tí àmì náà ń ṣe ni kò rí ṣe. Yóò ya okùn tó wà nínú bébà, yóò ya orí inú wọ́tàmáàkì (àwòrán inú bébà tó ń hàn níwájú iná), yóò fi ohun tó ń dán rọ́pò fọ́ìlì (ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dán bí irin). Bí owó náà bá tẹ́ sílẹ̀ lórí tábìlì, gbogbo rẹ̀ pé. Ẹ gbé e sókè síná, kí ẹ máa yí i, àṣírí á tú.

Ẹ mú ₦1000 tó kọ́kọ́ jáde ní oṣù Kẹwàá 2005, èyí tó ní àwòrán Mai-Bornu àti Isong, àwọn gómìnà Báńkì Àpapọ̀ tẹ́lẹ̀. Àtàǹpàkò ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi gba orí àwòrán, lẹ́tà àti nọ́ńbà kọjá: ó máa ń ṣe ságasàga lọ́wọ́. Irin tí wọ́n gbẹ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ á fi agbára ńlá ti bébà wọ inú ibi tí wọ́n gbẹ́, íǹkì á sì ga sókè lójú bébà. Íǹkì ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀, ó lè mu wọ inú bébà tàbí kó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Lẹ́yìn náà, okùn. Lójú lásán, ó dà bí ohun tó já lọ́nà púpọ̀. Níwájú iná, ó di ìlà kan ṣoṣo láti òkè dé ìsàlẹ̀, lẹ́tà CBN kéékèèké sì wà lára rẹ̀. Okùn ayédèrú, bó ṣe já lórí tábìlì ló ṣe já níwájú iná, torí pé ojú bébà ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, tàbí kí wọ́n fi íǹkì fàdákà tẹ̀ ẹ́. Fọ́ìlì góòlù tó wà lápá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbuwọ́lù Gómìnà Báńkì Àpapọ̀, ẹ fi èékánná họ ọ́: ojúlówó kì í ṣí. Nọ́ńbà dúdú á sì di àwọ̀ ewé lábẹ́ iná UV, ìyẹn iná ìyẹ̀wò tí ojú kì í rí ìtànṣán rẹ̀ dáadáa.

Owó gbígbó ló ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà jù. Owó tó ti pẹ́ nínú ìlàágùn àti ìdì owó ọjà, àtàǹpàkò ò ní gbọ́ nǹkan kan lórí rẹ̀ mọ́. Ẹ má torí ìyẹn kọ owó oníṣòwò. Okùn tó wà nínú bébà kì í tètè gbó bí íǹkì, òun ni kí ẹ fi ṣe adájọ́.

Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ìkàwó ṣe, Ìkẹjà

Ẹ ṣeun, màmá. Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí iná UV yẹn, torí òun làwọn ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé jù, òun náà ló sì ń tàn wọ́n jù.

Òwú ni wọ́n fi ń ṣe bébà owó, wọn kì í sì í fi kẹ́míkà tó ń mú nǹkan funfun sí i. Nítorí náà, ara bébà máa ń ṣókùnkùn lábẹ́ UV, ibi tí wọ́n fi íǹkì àkànṣe tẹ̀ nìkan ló ń tàn. Bébà fọ́tòkọ́pì ní kẹ́míkà náà nínú, òun máa ń tàn yòò, funfun tó ní búlúù nínú. Ṣùgbọ́n ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun náà ní irú kẹ́míkà yẹn. Owó tó bá ṣòkòtò wọnú omi ọṣẹ á tàn bí ayédèrú, bẹ́ẹ̀ ojúlówó ni. Ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀: tó bá ṣì ń di àwọ̀ ewé, tí okùn sì pé níwájú iná, ẹ gbà á.

Òdìkejì rẹ̀ léwu jù. Àwọn tó gbọ́n nínú wọn ń wá bébà tí kì í tàn. Torí náà, kí bébà ṣókùnkùn kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tó yẹ kó tàn ni kí ẹ máa wá, kì í ṣe ohun tí kò tàn.

Iná tí wọ́n kọ 365 nm sí lára ni kí ẹ rà (nm ni wọ́n fi ń wọn ìgbì ìmọ́lẹ̀). Àwọn tọ́ọ̀ṣì pọ́ọ́kú tó jẹ́ 395 nm ń tú ìmọ́lẹ̀ àlùkò tó pọ̀ jáde, ó sì máa ń bo ìtànṣán tí kò lágbára mọ́lẹ̀. Ẹ lò ó níbi tó ṣókùnkùn díẹ̀; lábẹ́ gílóòbù funfun tàbí lẹ́nu fèrèsé ọ̀sán, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Gílóòbù UV máa ń kú díẹ̀díẹ̀, kó sì máa mú iná àlùkò wá síbẹ̀síbẹ̀, ojú á rò pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi ojúlówó owó kan sí dúróà, kí ẹ máa fi dán iná náà wò láràárọ̀. Ẹ má sì wo iná náà lójú tààrà.

Bí ẹ̀rọ ìkàwó bá wá ń kọ ojúlówó, eruku ló máa ń fà á. Búrọ́ṣì rírọ̀ tó gbẹ, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, lórí àwọn ojú gíláàsì inú rẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ẹni tó ń pààrọ̀ dọ́là, Èkó

$100 búlúù tó jáde ní oṣù Kẹwàá 2013 rọrùn ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Rìbọ́ọ̀nù búlúù yẹn, wọ́n hun ún mọ́ bébà ni, wọn ò tẹ̀ ẹ́. Ẹ yí owó síwá-sẹ́yìn, àwọn agogo àti 100 inú rẹ̀ á rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ yí i sọ́tùn-ún sósì, wọ́n á rìn lọ sókè sódò. Ìrìn òdì yìí ni ayédèrú ò rí ṣe. Tiwọn kàn ń dán ni. Àwòrán agogo inú ìgò íǹkì àti 100 tó wà nígun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún á kúrò ní àwọ̀ bàbà di àwọ̀ ewé.

Ṣùgbọ́n $100 àtijọ́, láti ti 1996 wá, àwọ̀ ewé ló ń di dúdú. Ẹ má retí bàbà lára rẹ̀, kí ẹ má baà fi ọwọ́ ara yín kọ ojúlówó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni owó tí wọ́n bó. Wọ́n á mú ojúlówó $5, wọ́n á fi kẹ́míkà fọ íǹkì rẹ̀ kúrò, wọ́n á tẹ $100 lé e. Bébà rẹ̀ jẹ́ ojúlówó: ọwọ́ gbà á, kì í tàn lábẹ́ UV, bíírò ìyẹ̀wò náà gbà á. Okùn ló ń tú u fó. Okùn $100 wà lápá òsì àwòrán, ó ń tàn ní píǹkì, USA àti 100 ni wọ́n kọ sí i. Ti $5 ń tàn ní búlúù, ti $10 ní àwọ̀ ọsàn, ti $20 ní àwọ̀ ewé, ti $50 ní àwọ̀ ìyeyè. Nígbà tí wọ́n tún $5 ṣe ní 2008, wọ́n gbé okùn rẹ̀ lọ sápá ọ̀tún, wọ́n sì yọ orí ènìyàn kúrò nínú wọ́tàmáàkì, wọ́n fi nọ́ńbà 5 rọ́pò rẹ̀. Nítorí àwọn tó ń bó owó yìí ni. Bí ẹ bá gbé $100 síwájú iná tí ẹ sì rí orí Lincoln (ẹni orí $5) tàbí 5 dípò Franklin (ẹni orí $100), ẹ dá a padà.

Ọmọ tuntun lẹ́nu iṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Bíírò ìyẹ̀wò tí ẹ̀gbọ́n dárúkọ yìí, báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Káṣíà, Ìbàdàn

Àyódíìnì ló wà nínú rẹ̀, ọmọ mi. Ṣítáṣì ló ń wá. Bébà ọ́fíìsì ní ṣítáṣì nínú, ojú ìlà náà á dúdú. Bébà owó kò ní in, ìlà á pọ́n ìyeyè, á sì pa rẹ́ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ojúlówó tó bá kan ṣítáṣì aṣọ á dúdú, owó tí wọ́n bó á sì kọjá láìsí wàhálà. Má fi bíírò nìkan gba owó ẹnikẹ́ni.

Atẹ̀wé, Ṣómólú

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí àwọ̀ fi ń yí, torí ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀ kò ṣeé tàn. Íǹkì tó ń yí àwọ̀ lára $100 yẹn kì í ṣe àwọ̀ tí a lọ̀. Ìpẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà nínú rẹ̀, ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìpele lórí ìpele: aluminium láàárín tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí, magnesium fluoride tó mọ́ gaara lójú rẹ̀ méjèèjì, chromium tó fẹ́lẹ́ lójú ìta. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ á padà láti ara chromium, díẹ̀ á wọlé kó tó padà láti ara aluminium. Bí méjèèjì bá pàdé, àwọ̀ tí ìrìn wọn bá bára mu ló ń jáde. Ẹ yí bébà, ìyàtọ̀ ìrìn wọn á kúrú, àwọ̀ á sì sún síhà ewé tàbí búlúù. Ìdí nìyẹn tí bàbà fi ń di ewé. Owó 60 baht tí Thailand ṣe ní 1987 ló kọ́kọ́ lò ó. Íǹkì olómi-góòlù tí a ń fi tẹ káàdì ìgbéyàwó ń mọ́lẹ̀, ó sì ń ṣókùnkùn bí ẹ ṣe ń yí i, ṣùgbọ́n àwọ̀ kan náà ni. Ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì náà, igun kan ṣoṣo ló ń wò, àwọ̀ kan ló sì ń gbé.

Íǹkì yẹn kò sí lọ́jà fún àwa atẹ̀wé gbogbogbòò, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ilé ìwé tó bá fẹ́ dáàbò bo ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ lè lo ohun tó wà nílé. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀, èyí tó máa ń yọ nígbà tí ẹnì kan bá ṣe fọ́tòkọ́pì. A ó fi àmì tó-tò-tó ńláńlá, nǹkan bíi ìlà 65 nínú íǹṣì kan, kọ ọ̀rọ̀ náà. A ó fi kéékèèké, bíi ìlà 133, ṣe ilẹ̀ tó yí i ká. Kí íǹkì méjèèjì bo ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ojú bébà, kí ojú lè rí i bí ọ̀kan náà. Ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì á jẹ àwọn kéékèèké, á dá ńláńlá sí, ọ̀rọ̀ á yọ.

Ó máa ń bàjẹ́ níbi méjì. Bí íǹkì bá pọ̀ jù lórí ẹ̀rọ, àmì kéékèèké á wú, ilẹ̀ á ṣú, ọ̀rọ̀ á sì hàn lára ojúlówó fúnra rẹ̀. Bí àwọ̀ bá dúdú jù, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì á gbé gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹ tẹ ewé mẹ́wàá, ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ lórí ẹ̀rọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ tó tẹ ìyókù. Kámẹ́rà fóònù lè má gbé ọ̀rọ̀ náà jáde rárá, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ yìí nìkan ṣe ààbò.

Ẹ fi lẹ́tà wínníwínní ṣe ìlà ìbuwọ́lù. Íǹkì kan ṣoṣo ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́: bí ẹ bá fi àwọ̀ mẹ́rin pò ó, lẹ́tà á fọ́. Lábẹ́ gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá, ojúlówó á ṣeé kà, ẹ̀dà á dà bí eruku aláwọ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ tẹ èdìdì oníUV tí ojú kì í rí, ẹ rántí ọ̀rọ̀ ẹni Ìkẹjà: bébà tó ń tàn á gbé èdìdì yín mì. Ẹ wá bébà 100 sí 120 gíráàmù tí kò ní kẹ́míkà amúfunfun.

Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù

Ní kúkúrú fún àwa tíbí: owó pọ́n-ùn oníbébà ti kúrò nílẹ̀ láti òpin oṣù Kẹsàn-án 2022, ọ̀rá ni gbogbo rẹ̀ nísinsìnyí. Lórí £20, ẹ yí họ́lógírámù (àwòrán tó ń dán tó ń yí padà bí ẹ ṣe ń yí owó): “Twenty” á di “Pounds”. Lábẹ́ UV, nọ́ńbà á tàn pupa àti àwọ̀ ewé, ara owó á sì ṣókùnkùn. Fèrèsé rẹ̀, ìyẹn ibi tí ọ̀rá owó náà ti ṣeé wò kọjá, gbọ́dọ̀ mọ́ gaara délẹ̀. Ayédèrú máa ń gé ihò, wọ́n á fi ọ̀rá lẹ̀ ẹ́, èékánná yín á sì kọ́ etí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kéèyàn ṣe lámínéètì fún ìwé-ẹ̀rí kó má baà gbó?

Atẹ̀wé, Ṣómólú

Rárá o, àbúrò. Lámínéètì ti ba ìwé-ẹ̀rí jẹ́ ju ọ̀rinrin lọ. Ọwọ́ ò ní kan íǹkì tó ga tàbí èdìdì tí wọ́n tẹ̀ wọlé mọ́, ọ̀rá á máa dán bo fọ́ìlì, ọ̀rá náà tàbí gọ́ọ̀mù rẹ̀ sì lè máa tàn lábẹ́ UV, kó bo ohun tí olùyẹ̀wò ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ bó o lẹ́yìn náà á ya ojú bébà mọ́ ọn. Fáìlì oníke tó lẹ́nu, tí ìwé lè wọlé kó sì jáde, ni kí ẹ rà. Kí ìwé náà tẹ́ pẹrẹsẹ nínú rẹ̀, kí ẹ má ṣẹ́ ẹ po, torí ojú ibi tí ìwé bá ti ṣẹ́ ni fọ́ìlì ti ń kọ́kọ́ ya.