Ọmọ ní òun fẹ́ máa sọ bọ́ọ̀lù lórí rédíò kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ là mí lọ́yẹ̀ o

Ìyá Ìbejì, Ohio: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọkùnrin mi tó wà ní ọdún kejì ní yunifásítì ní accounting ti sú òun. Ó ní òun fẹ́ di ẹni tó ń sọ bí eré ṣe ń lọ lórí rédíò kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bàbá ẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣé iṣẹ́ tó ń bọ́ èèyàn ni?

Bàbá Tóbi, Houston: Ẹ bá wa bẹ bàbá náà o. Ta ni nínú wa tí kò gbọ́ Ernest Okonkwo, tó ń sọ bọ́ọ̀lù lórí rédíò ní Nàìjíríà? Òun ló sọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ní "Mathematical". Nígbà tí Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé Algeria ní Súrùlérè lọ́dún 1980, rédíò la fi wò ó nílé wa.

Àdìsá, Indiana: Ẹ káàárọ̀ mà. Mo máa ń bá wọn jókòó nínú yàrá rédíò kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan níbí, èmi ni mò ń tọ́ka orúkọ fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n àga yẹn kì í tètè ṣófo. Larry Munson jókòó sórí ẹ̀ ní yunifásítì Georgia láti 1966 títí di 2008. Ti Jack Cristil ní Mississippi State tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, 1953 sí 2011. Ní ilé ìwé ńlá, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe yunifásítì fúnra ẹ̀ ló ń san owó oṣù. Iléeṣẹ́ bíi Learfield ló ń gba ẹ̀tọ́ láti gbé eré sáfẹ́fẹ́, wọ́n á ta ìpolówó ọjà sí i, wọ́n á sì gba sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Ní ilé ìwé kékeré, ẹni kan náà lè máa sọ̀rọ̀, kó máa ta ìpolówó, kó tún máa kọ ìròyìn eré. Nítorí náà, kó má pa accounting tì o! John Ward tó sọ football yunifásítì Tennessee láti 1968 sí 1998, ìwé òfin ló kà. Ẹ sọ ìyẹn fún bàbá.

Ìyá Ìbejì: Ọlọ́run á bù kún un yín. Ibo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀?

Àdìsá: Rédíò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni. WAER, rédíò yunifásítì Syracuse, ni Bob Costas àti Mike Tirico, àwọn ìlú-mọ̀ọ́ká tó ń sọ eré lórí tẹlifíṣọ̀n, ti kọ́ ọ. Kó gba eré tí kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ, ìyẹn fọ́líbọ́ọ̀lù àwọn obìnrin tàbí baseball nínú òtútù. Kó máa gba gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, torí ohùn tó gbà sílẹ̀ yẹn ni wọ́n máa bi í léèrè lọ́jọ́ tó bá ń wáṣẹ́.

Bí ó bá ń tẹ́tí sí ara ẹ̀, kó ṣọ́ nǹkan kan: iye góòlù àti àkókò tó kù. Ẹni tó ń wakọ̀ lójú títì ò rí pápá, ó sì lè jẹ́ pé ìṣẹ́jú yẹn gan-an ló tan rédíò. Red Barber àtijọ́, tó ń sọ baseball lórí rédíò, máa ń gbé agogo iyanrìn tí wọ́n fi ń se ẹyin síwájú. Bí iyanrìn bá ti dà tán, á sọ iye tó wà nílẹ̀, á sì yí agogo padà.

Ti football àwọn ará Amẹ́ríkà tún le. Páálí ńlá kan la máa ń tẹ́ sílẹ̀, apá kan fún àwọn tó ń kọlù, apá kejì fún àwọn tó ń dènà. Nọ́ńbà á wà níbẹ̀ gàdàgbà-gadagba pẹ̀lú máàkà, orúkọ àti ìlú á wà lábẹ́ ẹ̀, orúkọ ẹni tó lè rọ́pò rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Ọ̀gá tó ń sọ̀rọ̀ kì í gbójú kúrò lórí pápá. Èmi ni mo máa fi ìka lé orúkọ ẹni tó gbé èèyàn ṣubú, a kì í sọ̀rọ̀ síra wa. Ṣáájú eré, ọ̀gá á lọ bá àwọn ará ẹgbẹ́ kejì béèrè bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ kọ̀ọ̀kan.

Bàbá Tóbi: Ẹ wò ó, Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ wa tó gbá basketball, ṣe gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀ ní Houston níbí pẹ̀lú "Akeem". Ó di 1991 kó tó fi H sí i.

Adùkẹ́, Maryland: Ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ṣùgbọ́n físà F-1, ti akẹ́kọ̀ọ́, ló wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Àdìsá: Ó lè ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ilé ìwé, kó má ju 20 wákàtí lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá ń lọ lọ́wọ́. Ibi tó léwu ni ìta. Owó táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n bá fún un pé kó wá sọ eré ilé ìwé girama lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ ni lójú ìjọba. Kó lọ bá ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, kí wọ́n bá a wo CPT, ìyẹn àṣẹ láti ṣe iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀ kó tó jáde, kó sì wà lórí I-20, ìwé tí ilé ìwé fún un fún físà, kó tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìwé, OPT, ìyẹn àṣẹ láti ṣe iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ohun tó kà, fún oṣù 12 ló máa rí. Oṣù 24 tí wọ́n ń fi kún un, ti àwọn onísáyẹ́ǹsì àtàwọn ẹlẹ́rọ ni.

Ìyá Ìbejì: Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún bàbá ẹ̀. Ó ní èló ni ẹ̀rọ tó máa fi gba ohùn sílẹ̀.

Àdìsá: Ẹ má ì ra nǹkan kan mà. Fóònù ẹ̀ tó. Kó lọ jókòó sẹ́yìn lókè pátápátá níbi tí èrò ò sí, kó máa sọ̀rọ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ títí wọ́n á fi fọn fèrè ìparí. Tó bá parí ẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí mi.