Èsì: "Ìsọdàgbáyé ẹ̀kọ́ olùkọ́"? "Sọ… di" yẹn ni mo bá jà

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó máa lò fún "internationalisation" nínú ẹ̀kọ́ olùkọ́ ni gbogbo wa ń wá.

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìbàdàn gbé ọ̀rọ̀ tuntun kan wá lọ́sẹ̀ tó kọjá: "ìsọdàgbáyé ẹ̀kọ́ olùkọ́". Ohun tí wọ́n fẹ́ kó dúró fún ni pé kí yunifásítì tó ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ jẹ́ kí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ nílùú mìíràn, kí wọ́n ka ìwé ibẹ̀, kí wọ́n bá àwọn ẹgbẹ́ wọn níbẹ̀ sọ̀rọ̀, kí àwọn kan tilẹ̀ lọ fojú ara wọn rí i. Èrò yẹn, mo fọwọ́ sí i. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni n kò lè gbà.

Ẹ jẹ́ ká tú u. Ì-, sọ, di, àgbáyé. Kò sí wàhálà lára ì-. Àgbáyé ní ẹjọ́ tirẹ̀, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀. "Sọ… di" ni. Ohun tí a bá sọ di nǹkan kì í jẹ́ ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n sọ ọ́ dẹrú. Wọ́n sọ ọ́ dọba. Ní 1886 ọmọ ogun Dàhòmì sọ Kétu, ìlú wa ní Bẹ̀nẹ̀ níhìn-ín, dahoro. Kò sí ọmọ Kétu tó nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ "sọ di" fún un.

Ẹ̀gbọ́n ní ọ̀rọ̀ náà bá òfin mu, pé a ní "ìsọdorúkọ", a ní "ìsọdọmọ". Ẹ ṣeun, sà, àmọ́ ẹ̀rí tèmi lẹ kó wá yẹn. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a bá ti sọ dorúkọ, ṣé ó tún lè gba "ń" àti "yóò"? Ẹni tí a bá sọ dọmọ, orúkọ ilé tuntun ló ń jẹ́. Tí a bá wá sọ ẹ̀kọ́ olùkọ́ di àgbáyé, kí ló ṣẹ́kù nínú rẹ̀ fún olùkọ́ tó ń lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Kétu?

Kì í ṣe gírámà nìkan ló ń bí mi nínú. Wọ́n ti sọ wá di nǹkan rí. Láyé ìjọba Kérékou, ààrẹ Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, wọ́n ní kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ di "École nouvelle", ilé-ẹ̀kọ́ tuntun. Ìyẹn kọjá lọ, "nouveaux programmes", ètò ẹ̀kọ́ tuntun, dé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú un kárí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti 1999. Owó ìrànwọ́ Amẹ́ríkà wà nínú rẹ̀, ọgbọ́n Québec ní Kánádà náà wà níbẹ̀. Ọgbọ́n ọ̀hún kò burú: kí ọmọ lè fi ohun tó kọ́ ṣe nǹkan, kó má kàn máa há a sórí. Ṣùgbọ́n orí olùkọ́ tí ọmọ kún kíláàsì rẹ̀ ló já lé, tí ìwé ò kárí, tí a kò sì fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọ́ òun fúnra rẹ̀ rí. Àwọn òbí pariwo títí. Èmi tí mo ń bá àwọn tó fẹ́ ṣe olùkọ́ ṣiṣẹ́ nílùú yìí, mo ṣì ń bá a pàdé: wọ́n mọ orúkọ ọ̀nà ìkọ́ni náà lédè Faransé lámọ̀dunjú, tí o bá ní kí wọ́n sọ ohun tó yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń kọ́ni tẹ́lẹ̀, wọ́n á dákẹ́. Ohun tí "sọ di" ń ṣe nìyẹn.

Àǹtí wa láti Ṣábẹ̀ẹ́ ní ká lo "àwòkọ́ṣe òkèèrè". Ọ̀rọ̀ yẹn sún mọ́ etí mi jù, torí "wò" wà nínú rẹ̀. "Ṣe" tó wà nídìí rẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù. À-wò-kọ́-ṣe: a wò ó, a kọ́ ọ, a ṣe é. Níbo la ti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá ilé wa mu? Bí a ṣe ṣe tọdún 1999 gan-an nìyẹn.

Àwọn àgbà olùkọ́ tí a bá láyé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú wọn lọ sí William Ponty, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Sẹ̀nẹ̀gàl, wọ́n bá ọmọ Gíníì àti ọmọ ibi tí à ń pè ní Màlì lónìí jókòó ní kíláàsì kan náà. Tí àkókò ìsinmi bá tó, iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé fún wọn ni kí wọ́n kọ̀wé nípa àṣà ìlú tí wọ́n ti wá. Faransé ló ni ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀hún, ète tirẹ̀ ló sì ń lé. Síbẹ̀, àwọn bàbá wọ̀nyẹn lọ jìnnà, wọ́n sì tún padà wo ilé dáadáa. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Kétu, mo mọ ọ̀kan tó ń fi oríkì kọ́ wa ní ìtàn kó tó ṣí ìwé Faransé. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí yunifásítì tún bí fún wa. Ẹnì kankan kò sọ bàbá yẹn di nǹkan kan.

Ẹni tó kọ̀wé láti Ìlọrin ní àgbáyé ti gbòòrò jù, ká kúkú sọ pé "láàárín orílẹ̀-èdè". Ẹ dákun, orílẹ̀-èdè wo? Orílẹ̀ àti èdè ni ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ Kétu àti ọmọ Ìmẹ̀kọ tó wà ní Nàìjíríà lónìí, èdè kan ni wọ́n ń sọ, ọba kan, Alákétu, ni wọ́n ní, kí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tó la ààlà sáàárín wọn ní 1889. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ Ilé-Ifẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Àjàṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ èyí ju ohunkóhun tó wá láti Québec lọ. Tó bá wá lọ sí Ifẹ̀ lọ kọ́ nípa rẹ̀, ṣé òkèèrè ló lọ? Ẹ̀yin onígírámà, ẹ dá mi lóhùn. "Òkèèrè" àǹtí náà kò lè là á já níbí.

Ọ̀kan nínú yín ti fi òwe lé mi lẹ́nu, pé àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òótọ́ ni. Òwe tún wí pé ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn yóò ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ẹ má fi òwe kan ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ni "ìwòyíká". Ìwòyíká nínú ẹ̀kọ́ olùkọ́. Ó gba Ifẹ̀, ó gba Québec, ó gba abúlé kejì pàápàá, ẹni tó ń wò sì wà ní ìdúró tirẹ̀. Ẹnì kan ti kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀ pé etí òun ń gbọ́ ọ bí iṣẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà. N kò gbà. Kó wá sọ ọ́ níta, kó sì mú tirẹ̀ wá.

Ní ti àwọn tó ní a ń ba Yorùbá jẹ́ nítorí pé a ń kọ ɛ àti ɔ níhìn-ín: ìlànà àkọtọ́ tí ìjọba wa fi lélẹ̀ ní 1975 nìyẹn, òun sì ni àwọn ọmọ wa fi kọ́ ìwé kíkà. Mo fi ẹ àti ọ kọ lẹ́tà yìí kí ẹ lè kà á. Kì í ṣe pé mo túúbá.

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ fi "ìsọdàgbáyé" sínú ìwé tí ẹ ń múra àtitẹ̀ jáde. Mo bẹ̀ yín, ẹ dúró kí àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ tó kù fèsì ná.