Títi ojú ewé kì í ṣe jíjáde: ohun tó ń ṣẹ́kù sórí kọ̀ǹpútà káfé àti sínú fóònù

Oníkáfé, Under G

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Ajílété. Àsìkò ìforúkọsílẹ̀ ti tún dé, láti ìdájí làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà káfé. Ohun tó ń dun èèyàn ni pé bí wọ́n bá ti tẹ ìwé wọn jáde tán, wọn á tẹ àmì X tó wà lókè, wọn á gbé báàgì, ó parí. Ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn wọn, tó sì ṣí ìkànnì kan náà, àyè ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ló máa já sí. Ẹ jẹ́ kí oníkálukú kọ ohun tó dá a lójú síbí, káwọn ọmọ wọ̀nyí rí nǹkan dìmú.

Chrome orí kọ̀ǹpútà ni kí n mú, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn bíráúsà tí à ń fi ṣí ìkànnì. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe ìparẹ́ rárá. Ẹ kọ́kọ́ jáde níbi gbogbo tí ẹ wọ̀, yálà pọ́tàlì (ìkànnì ilé ìwé yín), Gmail tàbí Facebook. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Log out" tàbí "Sign out" sí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ìdí rẹ̀ rèé: kúkì tí gbogbo èèyàn ń dárúkọ, àmì kékeré tí ìkànnì ń fi sínú bíráúsà kó lè dá yín mọ̀, bíi káàdì ilé ìwòsàn ló rí. Nọ́ńbà ló wà lára káàdì yẹn, fáìlì gan-an wà lọ́dọ̀ àwọn tó fún yín ní káàdì. Bí ẹ bá ya káàdì, fáìlì ò ya, ẹni tó bá sì ti da nọ́ńbà yẹn kọ ṣì lè fi wọlé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ "Log out", lọ́hùn-ún gan-an ni wọ́n ti máa ń fagi lé nọ́ńbà náà. Ọdún 1994 ni Lou Montulli gbé kúkì kalẹ̀ ní iléeṣẹ́ Netscape, torí pé láìsí i, ìkànnì kì í rántí ẹnikẹ́ni. Ojú ewé kejì tí ẹ bá ṣí, àjèjì lẹ tún jẹ́ sí i.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo igun ọ̀tún lókè Chrome fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá rí àwòrán yín tàbí lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ yín níbẹ̀, a jẹ́ pé Gmail tí ẹ wọ̀ ti fa àkáǹtì yín wọ inú bíráúsà. Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́. Bí sync, ohun tó ń so Chrome ibí pọ̀ mọ́ ti fóònù yín, bá wà ní títàn, history àti páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ bá parẹ́ níbí máa parẹ́ lórí fóònù yín nílé pẹ̀lú. Báyìí ni páásíwọ́ọ̀dù ṣe ń pòórá lórí fóònù tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn.

Ó wá kan ìparẹ́. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Delete pa pọ̀. Àpótí kan á yọ, àkókò sì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò nínú rẹ̀, kì í ṣe àwọn ibi tí à ń fi àmì sí. Bí ẹ bá bá a lórí "Last hour", tí ẹ sì ti jókòó láti aago mẹ́jọ di mọ́kànlá, wákàtí méjì àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀ digbí. "All time" ni kí ẹ mú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àmì sí "Browsing history", "Cookies and other site data" àti "Cached images and files". Ẹ má dúró síbẹ̀ o. Ẹ wá "Passwords" àti "Autofill form data", bí ẹ ò bá rí wọn, ẹ wò ó bóyá "Advanced" wà níbẹ̀. Nínú Autofill ni nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì ilé àti nọ́ńbà ATM tí Chrome bá yín tọ́jú sórí ẹ̀rọ náà wà. "History" ni gbogbo èèyàn ń sá fún, bẹ́ẹ̀ òun ló fúyẹ́ jù nínú wọn. Ẹni tó rí orúkọ ìkànnì tí ẹ lọ ò tíì rí nǹkan kan lára ohun tí ẹni tó rí Autofill yín rí.

Òṣìṣẹ́ yàrá kọ̀ǹpútà

Ẹ ṣeun, bọ̀dá. Ẹ jẹ́ kí n fi ti fóódà Downloads kún un, torí òun ló ń bani lẹ́rù jù.

"Download history" tó wà nínú àpótí yẹn, orúkọ nìkan ló ń pa rẹ́. Fáìlì tí ẹ gbà wálẹ̀ ò kúrò níbi tó wà. Ẹ lọ ṣí fóódà yẹn lórí kọ̀ǹpútà káfé kan, ẹ ó rí slip, slip (1), slip (2), títí dé slip (14). Chrome ló ń fi nọ́ńbà yẹn sí i bí orúkọ fáìlì bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan ló sábà máa ń wà nídìí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, nígbà mìíràn NIN rẹ̀. Ẹ tẹ Ctrl àti J, ẹ yan èyí tí yóò ṣí fóódà náà fún yín, ẹ mú fáìlì yín, kí ẹ tẹ Shift àti Delete. Bí ẹ bá tẹ Delete nìkan lórí Windows, inú Recycle Bin ló máa lọ sùn, ẹni tó bá fẹ́ lè jí i dìde. Ẹ wo Desktop àti Documents náà, torí àwọn kan máa ń tọ́jú fáìlì síbẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Atúnfóònùṣe, Tákíé

Tèmi kò jù ti fóònù. Nǹkan méjì làwọn èèyàn ń pè ní nǹkan kan ṣoṣo. Bí ẹ bá di àmì bíráúsà mú pẹ́, kí ẹ tẹ "App info", kí ẹ tẹ "Storage", ẹ máa rí "Clear cache" àti "Clear storage". Lórí fóònù mìíràn, "Clear data" ni wọ́n kọ. Cache ni àwọn àwòrán àti ẹ̀yà ìkànnì tí fóònù tọ́jú kó má baà tún lọ kó wọn. Bí ẹ bá pa á rẹ́, ẹ ò pàdánù nǹkan kan ju dátà lọ, torí gbogbo rẹ̀ ló máa tún gbà wálẹ̀ nígbà tí ẹ bá padà lọ. Ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di iṣẹ́ ojoojúmọ́. Kì í mú fóònù yá, àyàfi bí ààyè inú fóònù bá ti kún dé ẹnu. "Clear storage" ní tirẹ̀, ńṣe ló ń sọ bíráúsà di ọjọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sórí fóònù: ojú ewé tí ẹ ṣí sílẹ̀, bookmark (àdírẹ́sì ìkànnì tí ẹ fi pamọ́) tí kò sí nínú àkáǹtì, ojú ewé tí ẹ tọ́jú sínú Opera Mini, gbogbo rẹ̀ á lọ. Kò sí bí atúnfóònùṣe ṣe fẹ́ dá a padà.

Bíráúsà kọ̀ọ̀kan ló sì ní ti ẹ̀. Ẹni tó ní Chrome, Opera Mini àti Phoenix lórí fóònù kan, tó sì pa ti Chrome nìkan rẹ́, ilẹ̀kùn kan ló tì nínú mẹ́ta.

Ọ̀kan ṣì kù, èyí tí àwọn ìyá wa ní ọjà Àràdà ń gbé wá lójoojúmọ́: ìfitónilétí tó ń sọ pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ fóònù. Kúkì tí ẹ pa rẹ́ kò lè dá a dúró, torí àṣẹ ni wọ́n fún ìkànnì kan, wọ́n tẹ "Allow" lọ́jọ́ kan láìmọ̀. Nínú Chrome, ẹ lọ sí Settings, Site settings, Notifications, kí ẹ gba àṣẹ náà lọ́wọ́ ìkànnì yẹn. Ẹ má ṣe tẹ ìfitónilétí náà fúnra rẹ̀ láéláé.

Akẹ́kọ̀ọ́, Àpáàkè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Bí pọ́tàlì bá kọ "400 Bad Request: Request Header Or Cookie Too Large", ṣé ó di dandan kéèyàn pa gbogbo rẹ̀ rẹ́?

Òṣìṣẹ́ yàrá kọ̀ǹpútà

Rárá o, àbúrò. Kúkì ìkànnì yẹn nìkan ló ti pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ wọn fẹ́ gbà lọ. Mú tirẹ̀ nìkan kúrò. Lórí kọ̀ǹpútà, tẹ àmì kékeré tó wà lápá òsì àdírẹ́sì ìkànnì lókè, kí o wọ "Cookies and site data", kí o sì pa ti pọ́tàlì náà rẹ́. Lórí fóònù, lọ sí Settings, Site settings, All sites, wá orúkọ pọ́tàlì, kí o tẹ àmì tí wọ́n fi ń da nǹkan nù. Irú ìwòsàn kan náà ló wà fún pọ́tàlì tó ń dá ẹ padà síbi tí wàá ti kọ páásíwọ́ọ̀dù léraléra. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ojú ewé àtijọ́ ló ń fi hàn ẹ́, bóyá o ti sanwó tán tó ṣì ń pè é ní gbèsè, tẹ Ctrl, Shift àti R ná. Ìyẹn á mú un gba ojú ewé tuntun láìjẹ́ pé o pa nǹkan kan rẹ́.

Oníkáfé, Under G

Àwọn kan á ní ká sáà lo Incognito, fèrèsé Chrome tí kì í tọ́jú history. Ó dáa, Ctrl, Shift àti N ló ń ṣí i. Ṣùgbọ́n bí fèrèsé Incognito méjì bá wà ní ṣíṣí, tí ẹ ti ọ̀kan, ẹ ò tíì jáde o. Ìgbà tí ìkẹyìn bá tì ni kúkì tó lọ. Fáìlì tí ẹ gbà wálẹ̀ nínú rẹ̀ kì í parẹ́, ẹni tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ṣì lè mọ ìkànnì tí ẹ lọ. Káfé ni tèmi, Guest, àyè àlejò inú Chrome, ni mo fẹ́ràn jù: ó wà nínú àkójọ tó ń yọ bí ẹ bá tẹ àwòrán igun ọ̀tún yẹn. Kò ní bookmark ẹnikẹ́ni nínú, kò ní páásíwọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni.

Atúnfóònùṣe, Tákíé

Ẹni tó bá ti délé kó tó rántí, kó má sáré padà wá. Lórí fóònù rẹ̀, kó wọ àkáǹtì Google, Security, Your devices, kó mú kọ̀ǹpútà káfé yẹn kó sì tẹ "Sign out". Ti WhatsApp wà ní Linked devices. Kó yí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà lẹ́yìn náà, torí ó lè jẹ́ pé Chrome ti tọ́jú èyí tó lò.

Ìwádìí tí a ṣe lórí Google nígbà tí àkáǹtì wa wà ní ṣíṣí ń bọ́ sínú My Activity, àkọsílẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ Google fúnra wọn, kò sì sí bí a ṣe nu bíráúsà tó lè dé ibẹ̀. Ẹ lè ní kó máa pa á rẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn oṣù 3, 18 tàbí 36. Ohun tí ìkànnì mìíràn kọ sílẹ̀ nípa yín lọ́dọ̀ tiwọn, ẹ̀yin lẹ máa kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n pa á rẹ́. Òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 ní Nàìjíríà fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè.

Akẹ́kọ̀ọ́, Àpáàkè

Ẹ ṣeun gan-an, mo ti rí ti pọ́tàlì ṣe. Ó ku nọ́ńbà fóònù tó ń yọ fúnra rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù. Mi ò fẹ́ pa gbogbo Autofill rẹ́ torí ẹyọ kan.

Òṣìṣẹ́ yàrá kọ̀ǹpútà

Jẹ́ kó yọ, fi bọ́tìnì tó ń lọ sísàlẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé orí rẹ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ á fi yí, kí o wá tẹ Shift àti Delete. Ìyẹn nìkan ló máa lọ.