Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kọ́pà tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ ṣe ń dènà oyún gan-an?
Ẹ̀yin ará, ẹ dákun ẹ là mí lóye. Oògùn oníhóró ni mò ń lò tẹ́lẹ̀, ìyẹn yé mi, kì í jẹ́ kí ẹyin jáde, ó sì ń mú kí omi ẹnu ilé ọmọ ki kí àtọ̀ má ráyè wọlé, àmọ́ mo máa ń gbàgbé àtilò ó ṣáá ni nọ́ọ̀sì bá ní kí n ṣe kọ́pà yìí, ó ní ó lè lo ọdún 10, kò sì ní họ́mónù kankan. Ṣé ẹyin mi á ṣì máa jáde lóṣooṣù nìyẹn? Kí ló wá ń ṣe fún àtọ̀? Ọ̀rẹ́ mi ní ṣe ló ń ṣẹ́yún, mi ò gbà á gbọ́ ṣá. Ẹni tó ti lò ó, ṣé nǹkan oṣù yín pọ̀ sí i lóòótọ́?