Ṣé a lè ṣe Kérésìmesì nínú oṣù keje?

Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Sydney, ní Ọsirélíà, sọ pé òun àti àwọn aládùúgbò òun fẹ́ ṣe Kérésìmesì ní ọjọ́ 25 oṣù keje, ó sì ní kí àwa náà se oúnjẹ nílé kí a lè máa wo ara wa lórí fóònù bí a ti ń jẹun. Bàbá wọn ń fi mí rẹ́rìn-ín pé ta ní í ṣe Kérésìmesì nínú òjò. Èmi kò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n owó ni mò ń rò, nítorí pé oṣù kejìlá ń bọ̀ wá béèrè tirẹ̀. Kí ni wọ́n ń ṣe é fún, báwo ni a sì ṣe lè ṣe é tí kò fi ní kó bá Kérésìmesì gan-an?

Tíṣà àgbà, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun
Ìyá Ìbejì, ọmọ yín kò ṣi ọjọ́ kà. Apá gúúsù ayé ni Ọsirélíà wà, nítorí náà ìgbà tí oòrùn ń mú gan-an ni ọjọ́ 25 oṣù kejìlá ń bọ́ sí lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ wọn a máa lọ sí etíkun, wọn a máa jẹ edé tútù àti ẹran sísun níta. Oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ ni ìgbà òtútù tiwọn, ìgbà náà sì ni tòlótòló yíyan àti oúnjẹ gbígbóná tí àwọn baba ńlá ọ̀pọ̀ wọn kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá ojú ọjọ́ mu. Ní Blue Mountains, ní ìwọ̀-oòrùn Sydney, àwọn ilé ìtura a máa dáná sínú ilé, wọn a sì máa se irú àsè yìí fún àlejò. Yulefest ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi ìjọba, kò sì gba ipò ti oṣù kejìlá. Fàájì ni, ẹ má wá ìsìn lọ síbẹ̀.

Olùsìn Adìyẹ, Òkè-Báálẹ̀
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jẹ́ kí ti oṣù keje mọ níwọ̀n. Ẹ fi ìrẹsì sílẹ̀. Àgbàdo tútù kún ọjà, iṣu titun sì ti ń wọlé, ẹ gúnyán kí ẹ fi ẹ̀fọ́ rírò jẹ ẹ́. Owó tí ẹ bá fẹ́ fi ra adìyẹ, ọmọ tòlótòló tí ẹ ó sìn de oṣù kejìlá ni kí ẹ fi rà. Bíróílà kì í gbà ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ, oṣù kẹwàá ti tó láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n tòlótòló òyìnbó a máa gba oṣù mẹ́rin sí márùn-ún kí ó tó ṣeé pa, nítorí náà ìsinsìnyí ni àkókò rẹ̀. Òjò ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ibi tí wọ́n wà gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 35 sẹ́ńtígírédì. Bí wọ́n bá ń gun ara wọn tí wọ́n sì ń ké, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá fọ́n ká tí wọ́n lanu sílẹ̀, ooru ti pọ̀ jù. Ìyẹ̀ pákó tí ẹ bá tẹ́ sábẹ́ wọn kò gbọdọ̀ tutù, nítorí ibẹ̀ ni ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Aládìrẹ
Aṣọ ńkọ́? Bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo ilé wọ àdìrẹ kan náà ní Kérésìmesì oṣù kejìlá, ẹ má fi ti ọdún Ọ̀ṣun inú oṣù kẹjọ pọ̀ mọ́ ọn, nítorí àwọn àlejò a máa rà á gan-an nígbà náà. Ẹ gbé iṣẹ́ fún aláró lẹ́yìn rẹ̀, kí aṣọ sì dé ọwọ́ télọ̀ kí oṣù kẹwàá tó parí. Bí ó bá di oṣù kọkànlá, "ẹ padà wá lọ́la" ni ẹ ó máa gbọ́ títí ọdún yóò fi parí.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà
Ẹ ṣeun púpọ̀, Olúwa yóò bù kún yín. Iyán ni a ó gún. Ọmọ tòlótòló mélòó ni kí n rà bí mo bá fẹ́ pa méjì?

Olùsìn Adìyẹ, Òkè-Báálẹ̀
Ẹ ra mẹ́rin mà, nítorí àwọn kan lè kú nígbà tí wọ́n kéré. Wọn kì í sì tètè mọ omi, nítorí náà bí ẹ bá ti ń kó wọn délé, ẹ máa ti ẹnu wọn bọ omi lọ́kọ̀ọ̀kan.