Táyà Olówó Ńlá àbí Olówó Pọ́ọ́kú fún Tírélà Tó Ń Kó Sìmẹ́ǹtì?

Onísìmẹ́ǹtì Ewékoro béèrè pé:
Ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ ọkọ̀, mo kí yín o. Tírélà wa méjì ló ń kó sìmẹ́ǹtì láti Ewékoro lọ sí Ìlọrin, àkókò sì ti tó láti pààrọ̀ táyà wọn, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 315/80R22.5. Owó táyà Michelin tàbí Bridgestone kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ra méjì nínú àwọn táyà Ṣáínà tí orúkọ wọn kò tíì mọ́ wa lẹ́nu. Awakọ̀ wa ní kí n ra olówó ńlá yí ọkọ̀ ká. Akọ̀wé owó wa ní ìnákúnàá ni. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Bàbá Ògèrè fèsì:
Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́ dé ìwọ̀n àyè kan, nítorí ibi tí táyà wà lára ọkọ̀ ló yẹ kó pinnu iye tí ẹ máa ná lé e. Táyà iwájú ń dá gbé ẹrù, kò ní ìkejì tó lè ràn án lọ́wọ́, bí ó bá sì bẹ́ lórí eré, sítẹ́rìn lè já gbà mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ kówó lé. Ti ẹ̀yìn tírélà, tí wọ́n wà ní méjì-méjì, ẹ lè lo olówó pọ́ọ́kú níbẹ̀, bí ó bá ṣáà ti jẹ́ tuntun tí kì í ṣe tòkunbọ̀, nítorí pé kòtò ojú títì sábà máa ń gé ẹ̀gbẹ́ wọn kí ojú wọn tó dán. Kòtò kò sì mọ Michelin yàtọ̀.

Ẹ wo 156/150L tí wọ́n máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: 4,000 kìlógíráàmù ni táyà náà lè gbé bí ó bá dá wà, 3,350 bí ó bá ní ìkejì. Iyekíye tí ẹ bá rà á, a kò ṣe é fún àpọ̀jù ẹrù.

Oníṣirò fèsì:
Ẹ jẹ́ ká fi kìlómítà ṣe ìṣirò rẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni iye wọ̀nyí, ẹ fi ti ọjà yín rọ́pò wọn. Bí olówó pọ́ọ́kú bá jẹ́ ₦300,000, tó sì rin 60,000 kìlómítà, náírà 5 ni kìlómítà kan. Bí olówó ńlá bá jẹ́ ₦550,000, tó sì rin 100,000, náírà 5 àti ààbọ̀ ni. Bí ẹ bá jù ú nù lẹ́yìn náà, akọ̀wé yín ló jàre. Àmọ́ ara olówó ńlá sábà máa ń lágbára tó láti gba ojú tuntun, ìyẹn rọ́bà tuntun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ táyà tí ojú rẹ̀ ti jẹ. Bí wọ́n bá lẹ ojú tuntun náà ní ₦150,000, tó sì tún rin 60,000, gbogbo rẹ̀ á wálẹ̀ sí náírà 4 àti díẹ̀. Èyí tó bá ti rìn láìní afẹ́fẹ́ tó, tí ooru ti ba inú rẹ̀ jẹ́, kò ní gbà á. Ẹ má sì fi táyà tí wọ́n lẹ ojú fún sí iwájú.

Fọkanáísà Ìwó Road fèsì:
Láti ìgbà tí Michelin ti pa ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt dé ní 2007, tí Dunlop náà sì dáwọ́ dúró ní 2008, inú kọ̀ǹténà ni táyà wa ń bá wá. Àwọn oníṣòwò kan a máa ki ọ̀kan bọ inú èkejì kí àyè lè gbà púpọ̀, wáyà etí rẹ̀ a sì tẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fipá fà á yọ. Nítorí náà, ẹ fọwọ́ ra etí rẹ̀ yíká kí ẹ tó sanwó; bí ó bá rí gbágungbàgun, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Ẹ tún wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ DOT tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 1424 ni ọ̀sẹ̀ 14 ọdún 2024.

Ẹ má fi tuntun àti èyí tó ti jẹ ṣe ìkejì ara wọn, nítorí èyí tó ga jù ni yóò ru ẹrù méjèèjì. Àwọn ọmọ ọkọ̀ fẹ́ràn láti máa fi irin lu táyà kí wọ́n gbọ́ dídún rẹ̀, ṣùgbọ́n irin kò lè sọ iye afẹ́fẹ́ tó wà nínú táyà inú lọ́hùn-ún. Ẹ ra géèjì, kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn.

Onísìmẹ́ǹtì Ewékoro:
Ẹ ṣé gan-an. Mẹ́rin olówó ńlá fún iwájú ọkọ̀ méjèèjì, olówó pọ́ọ́kú fún ẹ̀yìn tírélà. Ó ku ti ẹsẹ̀ tó ń fa ọkọ̀: ẹ̀yin tí ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń lẹ ojú táyà dáadáa ní agbègbè Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ júwe ibẹ̀ fún mi.