Ọmọ tí wọ́n bí láìní ihò ìdí: ohun tí ojú wa rí

Ìyá Ìní

Ẹ̀yin tó ń béèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ tí wọ́n bí láìní ihò ìdí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ni mo bí ọmọkùnrin mi yìí sí. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, wọ́n ní ká máa lọ. Kò sẹ́ni tó la itan ọmọ wò. Ìyá ọkọ mi ló ṣàkíyèsí pé ọmọ ò tíì ya ìgbẹ́ dúdú tí ọmọ tuntun máa ń yà, ikùn rẹ̀ sì ti ń wú. Nígbà tí wọ́n tú u wò, ibi tó yẹ kí ihò wà dí pátápátá. Àwọ̀ ewé ló wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Dókítà oníṣẹ́ abẹ àwọn ọmọdé ló wá ṣàlàyé pé ìfun ti já sójú ọ̀nà ìtọ̀.

Àwọn kan ládùúgbò ní ọwọ́ ayé ni. Dókítà ní bí ọ̀kan nínú ọmọ 5,000 ni wọ́n máa ń bí bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ ọkàn, kíndìnrín àti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ wò, torí àléébù lè wà níbẹ̀ náà.

Abẹ mẹ́ta ni. Nínú àkọ́kọ́, wọ́n fa ìfun jáde lápá òsì ikùn kí ìgbẹ́ lè ríbi gbà. Ihò méjì lẹ ó rí: ọ̀kan ń yọ ìgbẹ́, èkejì ń yọ ikun. Àpò tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn wọ́n bí ojú, nápíìn rírọ̀ la ń wé mọ́ ọn lórí ikùn, a sì ń fi Vaseline pa awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó má bàa bó.

Kí wọ́n tó ṣe èkejì, wọ́n rọ oògùn kan gba ihò tó ń yọ ikun, wọ́n sì ya fọ́tò ẹ́síréè láti rí ibi tí ìfun parí sí. Dókítà Alberto Peña, ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, ló bẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n abẹ kejì yìí lọ́dún 1980. Wọ́n á dojú ọmọ bolẹ̀, wọ́n á gbé ìbàdí rẹ̀ sókè, wọ́n á là á láàárín gbùngbùn ìdí. Ẹ̀rọ kékeré oníná ni wọ́n fi ń wá iṣan: ibi tó bá ti sún kì, ibẹ̀ ni ihò gbọ́dọ̀ wà, torí iṣan yẹn ni yóò máa di ìgbẹ́ mú. Wọ́n já ìfun kúrò lójú ọ̀nà ìtọ̀, wọ́n gbé e sáàárín iṣan náà.

Tíátà ò le tó ohun tó kù fún wa nílé. Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí i, wọ́n kó irin róbótó dídán fún wa ká máa fi la ihò náà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kó má bàa fún pa. Ẹ fi jẹ́lì pa á, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì sí àyà rẹ̀, ẹ rọra tì í wọlé, ẹ ka ení, èjì dé ọgbọ̀n, ẹ yọ ọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fi èyí tó tóbi díẹ̀ sí i rọ́pò rẹ̀. Ọkọ mi ò lè wò ó, ìta ló máa ń sá sí. Àbúrò mi ló ń bá mi di ẹsẹ̀ mú. Ìyá kan tá a jọ wà ní wọ́ọ̀dù dá tirẹ̀ dúró nítorí igbe ọmọ. Ihò náà fún padà, wọ́n sì tún gbé ọmọ lọ sí tíátà. Ẹ jẹ́ kó ké.

Ìgbà tí irin tó ìwọ̀n tó yẹ ọjọ́ orí rẹ̀ ni wọ́n tó ṣe abẹ ẹ̀kẹta, wọ́n dá ìfun padà sínú. Ìdí rẹ̀ wá bó yánnayànna. Ìpara zinc ló gbà wá.

Bàbá Dámi

Ìyá Ìní, ẹ kú ìfaradà. Obìnrin ni tiwa, ihò rẹ̀ já sẹ́nu ojú ara. Ó ń yàgbẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ni ò jẹ́ ká tètè fura. Owó ló dá wa dúró láàárín abẹ kìíní àti èkejì, kì í ṣe dókítà. Báyìí, ìgbẹ́ líle là ń bá jà: omi, ìbẹ́pẹ, àti oògùn tí wọ́n kọ fún wa. Tiyín ńkọ́, ṣé ó ń mú ìgbẹ́ dání?

Ìyá Ìní

Ó ń gbìyànjú, sà. A máa ń gbé e jókòó sórí póò lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́, ó wù ú o, kò wù ú o. Ó ṣì máa ń kan pátá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ń kó pátá méjì sínú báàgì ilé ìwé rẹ̀, àǹtí kíláàsì rẹ̀ sì mọ̀.